Pákó Kan Lórí Omi Ìdí-Orógbó

Omi gbá Lánípẹ̀kun létí, ó rọ́ wọ ihò imú rẹ̀, kò sì mọ èwo ni òkè, èwo ni ìsàlẹ̀ mọ́. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ síta, okùn tí ọkọ̀ fi ń fà á ti sá lọ níwájú, igi ìdìmú rẹ̀ ń fò lójú omi bí ọ̀pọ̀lọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sì ti ń yí po láti padà wá bá a. Ó tutọ́, ó wúkọ́, ó mi ẹsẹ̀ wò. Pákó tí wọ́n fi ń sáré lórí omi ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìṣubú kejì láàárọ̀ yìí nìyẹn, ọyẹ́ ò sì tíì jẹ́ kí oòrùn ríran.

"O ń fà á," ni Ẹnjiníà, ọ̀gá òyìnbó rẹ̀, wí látinú ọkọ̀. "Mo ní kí o má fà á."

"Mi ò fà á, Ọ̀gá."

"O fà á. Mo rí igbọ̀nwọ́ rẹ."

Lánípẹ̀kun ò jiyàn mọ́, nítorí òótọ́ ni òyìnbó náà sọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ké, tí okùn le tantan, apá rẹ̀ kì í gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni yóò ká wọlé bí apá ẹni tí wọ́n fẹ́ já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pákó yóò sì yọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí pákó méjì ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi méjì sáré káàkiri adágún náà, tí àwọn ìyàwó òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Pákó kan ṣoṣo ló ń bá a ṣọ̀tá. Pákó kan ṣoṣo náà sì ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Òní nìkan ló kù. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń la ọ̀nà ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ṣọ́jà ti padà sórí àga ìjọba, owó iṣẹ́ ò wọlé mọ́, katakata ti dákẹ́ lẹ́bàá títì Ṣàgámù, àwọn òyìnbó sì ń ta fíríìjì wọn fún ẹni tó bá lè rà á. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọkọ̀ ojú omi yìí yóò ti wà lẹ́yìn tírélà, lọ́nà Èkó. Lánípẹ̀kun tó ń wà á, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, yóò padà sí Àkàkà lọ máa ronú iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn ò dùn ún tó èyí tí ó kù tí kò tíì ṣe.

Ó gbójú wo èbúté. Ìyá rẹ̀, Ojúọlá, jókòó sórí àpótí kan, ó fi gèlè wé orí àti etí nítorí òtútù. Àlímì, ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ omi, ló gbé àpótí náà fún un. Iṣẹ́ Àlímì ni láti máa lé ènìyàn kúrò létí adágún. Omi mímu ni, òfin ò gba kí akẹ́ja gbé ọkọ̀ àjẹ̀ síbẹ̀, kò sì gba kí ọmọdé wẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ àjẹ̀ ṣe ń ba omi mímu jẹ́, tí ẹ́ńjìnnì òyìnbó tó ń da epo sí i kì í bà á jẹ́, Àlímì ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì gbà á síṣẹ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n lónìí ó ti mú ìyá náà lọ́wọ́ kọjá wáyà ọgbà, ó sì ti ṣe bí ẹni pé òun ò rí ohun tí òun ń ṣe.

Láti ọjọ́ tí omi adágún yìí ti bo Ìdí-Orógbó, abúlé wọn, Ojúọlá ò débẹ̀ rí. Bí ó bá ń lọ sóko, yóò gba ọ̀nà tó jìn jù kí ojú rẹ̀ má baà kan adágún náà.

Ìdí-Orógbó kì í ṣe abúlé ńlá. Ilé mélòó kan ni, oko obì lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ kan láàárín. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Lánípẹ̀kun sí. Níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Adétúnbọ̀ akọpẹ, kú sí nígbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sin bàbá tirẹ̀ náà. Wọ́n ra ilẹ̀ náà títí ó fi dán, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, Lánípẹ̀kun sì ń sùn níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọludé. Kò bà á lẹ́rù rí. Bí ó bá ti ilé ìwé dé láti Ìpẹru, kó tó mu omi, yóò wọ yàrá, yóò fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì sọ pé òun ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ ilé náà ń ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, lápá ògiri, wọ́n fi àyè sàréè kan sílẹ̀, nítorí ohun tí Adétúnbọ̀ wí kó tó dákẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ mọ́ Ojúọlá lọ́wọ́.

Wọlé-wọlé ò fẹ́ irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Òfin wà, gbogbo ayé ló sì mọ òfin náà, gbogbo ayé ló sì ń sin òkú sílé. Bí wọlé-wọlé bá dé, tí ó bi wọ́n léèrè, gbogbo ọwọ́ á nà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú sí. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní irọ́ yẹn. Bí ọmọ bá ti gbọ́n ló ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ sé odò náà, wọ́n rán àwọn ọkùnrin kan wá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan fi sàréè tó bá ní hàn, kí wọ́n lè hú egungun, kí wọ́n sì kó o lọ sí ilẹ̀ tuntun ní Àkàkà kí omi tó dé. Iṣẹ́ rere ni wọ́n bá wá. Ṣùgbọ́n káákì ni wọ́n wọ̀, téèpù ìwọnlẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Sàláwù, ẹ̀gbọ́n Adétúnbọ̀ àti olórí ilé, wo káákì náà látòkè délẹ̀, ó ní, "A ò sin ẹnikẹ́ni sílé níhìn-ín. A ò ṣe irú ẹ̀ rí." Gbogbo ilé mi orí. Ojúọlá náà mi orí tirẹ̀. Àwọn ará abúlé kejì tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù sọ òótọ́, òkú tiwọn sì wà ní Àkàkà lónìí, tí wọ́n ń ro koríko orí wọn. Kí àwọn ará Ìdí-Orógbó tó mọ̀ pé kì í ṣe pàkúté ni wọ́n dẹ fún wọn, àwọn oníkáákì ti lọ, omi sì ti ń gun ẹsẹ̀ ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ náà wà láyà Bàbá Sàláwù títí wọ́n fi gbé òun náà lọ sí itẹ́ òkú Mùsùlùmí.

Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó kúrò nílé, Ojúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wé gèlè.

"Ọma mi, bí o bá débẹ̀, bá mi kí bàbá rẹ. Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ," ó wí. "Kí o wá bá mi sọ fún un pé kó má fi àyè yẹn dè mí mọ́. Omi ti gbà á. Àkàkà ni wọ́n máa sin èmi sí."

Bí ẹni tó ń rán ọmọ ní iyọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Lánípẹ̀kun dá a lóhùn pé ó dáa. Okùn àti pákó ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì gbọ́ ìdajì ohun tí ó dáhùn sí.

Ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀ ti di kọ̀rọ̀ omi kan lápá àríwá, tí orí àwọn igi obì tó ti kú yọ sókè yí i ká. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ò lè wọ ibẹ̀, igi yóò ṣẹ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ìbá wọ̀ ọ́, ẹni tó mọ lúwẹ̀ẹ́ náà ìbá dé e, àmọ́ òfin Àlímì ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá wà ní ìparí okùn nìkan ló lè dé ibẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń gba ẹ̀yìn igi lọ, kí onítọ̀hún ya síta gidigidi, kó gba àlàfo kan tó wà láàárín igi méjì, kó bọ́ sójú ibi tí àgbàlá wọn wà, tí igi kankan ò hù sí. Pákó méjì kì í yà tó bẹ́ẹ̀. Lánípẹ̀kun ti gbìyànjú rẹ̀, ojú ìgbì tí ọkọ̀ fà sẹ́yìn ló ń dá a padà. Ṣùgbọ́n ó ti rí Ẹnjiníà lórí pákó kan, tí ó ń yípo àwọn kẹ́ẹ̀gì pupa tí wọ́n so mọ́ òkúta láàárín adágún, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ara rẹ̀ dagun títí èjìká rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan omi. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i ló ti mọ̀ pé ọ̀nà ilé bàbá òun nìyẹn.

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun. Ohun tí òyìnbó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kó dúró lórí ilẹ̀, kó kẹ́yìn sí òun, ó sì tì í lójijì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. "Ẹsẹ̀ òsì lo sáré gbé," ni Ẹnjiníà wí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n pupa rẹ̀. "Òun ló máa wà níwájú." Ẹsẹ̀ òsì níwájú nínú bàtà rọ́bà tí wọ́n kàn mọ́ pákó, ọ̀tún lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣubú. Lánípẹ̀kun ti mu adágún náà tó ohun tí ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ omi bi í léèrè.

Ní báyìí Ẹnjiníà ju okùn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mọ ohun tó wà nínú kọ̀rọ̀ náà. Lánípẹ̀kun ti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Epo ò pọ̀ mọ́," ó wí. "Bí o bá dìde, màá gba ẹ̀bá igi yẹn kọjá. Bí mo bá gbá igi, ìwọ lo máa lọ sọ fún wọn l'Ékòó."

Lánípẹ̀kun fa orúnkún mọ́ àyà nínú omi. Imú pákó yọ níwájú rẹ̀, okùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń wo okùn náà bí ó ṣe ń le díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ṣe tán láti fà á. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó fà á.

Ìgbà náà ló rántí igbà, okùn tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ọ̀pẹ gígùn rí, ìwé ló fẹ́ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, lábẹ́ ọ̀pẹ kékeré kan lẹ́yìnkùnlé, ó gbé igbà yí àwọn méjèèjì ká, ọmọ níwájú, bàbá lẹ́yìn, wọ́n sì gùn ún kò ju gíga àgbàlagbà kan lọ. Lánípẹ̀kun di ẹ̀yìn ọ̀pẹ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ sí i létí pẹ̀lẹ́ pé, "Tú ọwọ́ ká. Fi ẹ̀yìn tì í. Ìwọ kọ́ ló ń di igbà mú, igbà ló ń dì ọ́ mú." Kò jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn tún wọ inú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ náà títí di òní.

"Ó yá," ó kígbe.

Ẹ́ńjìnnì ké. Okùn le. Lánípẹ̀kun na apá rẹ̀ gbọọrọ, ó fi ẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ kí okùn ṣe ohun tí ó bá fẹ́. Omi rọ́ lù ú láyà, ó bò ó lójú, ó pẹ́ títí ó fi rò pé ó ti bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Orúnkún rẹ̀ ṣì ká, kò sáré nà án. Nígbà tí omi kúrò lójú rẹ̀, ó rí i pé òun wà lókè, lórí pákó kan ṣoṣo, tí adágún tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú.

Kò yọ̀. Kò sí àyè ayọ̀. Ọkọ̀ ti kọjú sí àríwá, orí igi obì sì ti ń súnmọ́ tòsí, dúdú, láìní ewé. Ó dẹ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ṣe rí òyìnbó ṣe é, pákó sì gbọ́ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: ó gun ìgbì, ó kọjá rẹ̀, ó ya síta kíákíá ju bí ó ti rò lọ. Àlàfo náà ṣí sílẹ̀. Igi kan fò kọjá lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Lẹ́yìn náà omi pa rọ́rọ́, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ó fi okùn sílẹ̀.

Pákó gbé e síwájú díẹ̀ sí i, ó rọra ń rì, títí omi fi dé àyà rẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó gbé e dúró. Ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń lọ, tí ó tún rọlẹ̀ lẹ́yìn igi, Ẹnjiníà ń dúró dè é. Ó yà á lẹ́nu bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀. Omi náà dúdú, kò rí ju orúnkún ara rẹ̀ lọ. Bóyá yàrá nìyí, bóyá ẹnu ọ̀nà ni, bóyá ìdí àmù. Kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi hàn án.

Ó gbé ọwọ́, ó gbá ojú omi lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ta sí i lójú.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Lánípẹ̀kun ni. Mo ti dé." Ó nu ojú. "Màmá ló rán mi. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n tún ní kí ẹ má..."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Láti àárọ̀ ló ti gbé e wá, kò sì tíì wò ó. Ta ló ń rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í dédé ronú ibi tí wọ́n máa sin òun sí, kí ó sì ránṣẹ́ lọ tọrọ àforíjì níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ti ń rí nílé láti ìgbà tí òjò ti dá, tí ó sì ń rìn kọjá lára rẹ̀, dúró yí i ká nínú omi náà. Ìyá rẹ̀ ń lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó ní ojú ló ń dun òun, ṣùgbọ́n kò gba ìgò ojú dé rí. Ìró aláró rẹ̀ tó dára jù, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ti wà lára ìyàwó alájọgbé wọn. Bí wọ́n bá jẹun tán, oúnjẹ rẹ̀ a ṣì wà nínú àwo, a ní òun ti tọ́ ọ wò lórí iná. Ó sì wá sétí omi yìí lónìí, òun tí kò fẹ́ rí i sójú. Kì í ṣe ìwúrí ọmọ tó ń sáré lórí pákó ló wá wò.

Lánípẹ̀kun sunkún. Nígbà tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, kò sunkún, wọ́n ní ọkùnrin ni. Nísinsìnyí kò sí ẹni tó ń wò ó, omi sì ti wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sunkún bàbá tí ó ń sùn lé lórí nígbà kan rí, tí kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Ó sunkún ìyá tí ó ṣì jókòó lórí àpótí létí omi. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ iṣẹ́ náà tán, òun ti gbà pé kí ìyá òun máa lọ nìyẹn, kò sì lè gbà bẹ́ẹ̀.

"Ara wọn le, Bàbá," ló wí fún omi. "Wọ́n ní kí n kí yín ni."

Ó bọ́ pákó kúrò lẹ́sẹ̀, ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó sì lúwẹ̀ẹ́ gba àárín igi méjì padà síbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ẹnjiníà nawọ́ fà á wọlé, ó fi aṣọ ìnura bò ó léjìká, ó sì rọra wa ọkọ̀ padà sí èbúté.

Tírélà ti ń dúró. Àlímì bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ omi lọ bá wọn ti ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Lánípẹ̀kun yẹ kó lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó lóṣòó níwájú rẹ̀.

"O pẹ́ níbẹ̀," ni Ojúọlá wí.

"Mo ń sinmi ni, Màmá."

"Ṣé o kí i?"

"Mo kí wọn. Mo ní ẹ̀yin lẹ rán mi."

"Iṣẹ́ kejì ńkọ́?"

Lánípẹ̀kun ń fún omi lára ṣòkòtò rẹ̀, kò gbé ojú sókè. "Ọkọ̀ ti dé kí n tó ráyè sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, ó sì rí ọkọ̀ náà bó ṣe dúró lẹ́yìn igi títí, tí kò súnmọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ tírélà báyìí. Wọ́n fi okùn dì í níwájú, wọ́n dì í lẹ́yìn, wọ́n da tapólì bò ó. Kò sí ẹni tí yóò tún sáré lórí omi yẹn mọ́.

"Kò burú, ọma mi," ó wí. "Èmi fúnra mi á sọ fún un."

Lánípẹ̀kun ò bi í pé ìgbà wo. Ó dìde, ó nawọ́ sí i, ìyá rẹ̀ sì dì í mú. Lánípẹ̀kun gbé e nílẹ̀ pẹ̀lú irú agbára tí ó máa ń fi gbé e dìde tẹ́lẹ̀, agbára náà sì pọ̀ jù: ìyá rẹ̀ ti fúyẹ́.